Ìkòkò Tí Kò Tọrọ Iṣu

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìbídùnní bọ́ aṣọ opó, kí ara rẹ̀ tó gbẹ nínú omi ìwẹ̀, wọ́n ti kó pákò mẹ́ta wá bá a. Ìyá Olúrẹ̀mí, ìyálé gbogbo ilé, ló gbé e wá nínú igbá tí wọ́n fi ewé bò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Abà Eléwùrà, lọ́nà Lálúpọn, nígbà náà. Bí ọkùnrin bá kú, tí oṣù mẹ́ta opó bá pé, àwọn ọkùnrin ẹbí tó bá fẹ́ ìyàwó rẹ̀ yóò fi pákò ránṣẹ́ sí i. Èyí tó bá mú nínú rẹ̀, tó fi run ẹnu, ẹni tó ni pákò náà ti di ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ariwo, kò sí ìdána mìíràn. Wọ́n gbà pé ẹbí ló fẹ́ obìnrin, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Ibùdó ogun Ìjàyè ni Fáwùnmí, ọkọ Ìbídùnní, kú sí. Ìbọn kọ́ ló pa á, inú rírun ni. Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀, Títíladé, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ.

Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó ṣí ewé orí igbá. "Pákò ta ni ìwọ̀nyí, ìyálé mi?"

"Èyí tó gùn yìí, ti Ògúnsanwó, àbúrò ọkọ rẹ ni. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ti Múyì. Èyí tó rí gìdìgbà yẹn, ti Bàbá Ìyàndá."

"Bàbá Ìyàndá? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu wọn tí wọ́n ń fi run pákò?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Olúrẹ̀mí, ó yára fi ọwọ́ bò ó. "Má bá mi ṣeré, Ìbídùnní. Gbogbo ilé ló mọ èyí tó yẹ kó o mú. Ògúnsanwó ti gbá yàrá sílẹ̀ dè ọ́."

Ìbídùnní mọ Ògúnsanwó dáadáa. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Akíkanjú ni lóko, kì í sì í na ìyàwó. Ṣùgbọ́n ó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò fa àpótí sún mọ́ ìdí ààrò, yóò ṣí ìṣasùn, yóò fi ìgbakọ ro ọbẹ̀ yí po, yóò máa kà á lábẹ́ ahọ́n, àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì yóò sì dúró gbọnrangandan bí ẹni tó jalè. Ọdún mẹ́wàá ni Ìbídùnní lò lọ́dọ̀ Fáwùnmí, kò sí ọjọ́ kan tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣí ìkòkò rẹ̀. Ohun tó mọ̀ pé òun yóò pàdánù nìyẹn bí òun bá wọ yàrá Ògúnsanwó, ó sì ń bà á lẹ́rù ju ebi lọ.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyálé rẹ̀. Ó kó pákò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rìn lọ sí ìdí ààrò, ó kì wọ́n bọ ẹ̀yinná, ó fẹ́ iná sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí iná ràn, ó gbé ìkòkò ebòlò lé e.

"Yéè! Ìbídùnní! Ọkọ mẹ́ta lo dáná sun yìí?"

"Igi ni mo dáná sun, ìyálé mi. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, igi gbígbẹ sì ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní ọbẹ̀ náà jinná."

Oòrùn kò tíì dé àtàrí tí Fákọ́ládé, baálé ilé, fi ránṣẹ́ pè é. Bàbá arúgbó ni, kì í pariwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ògúnsanwó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ìbídùnní kúnlẹ̀ sí àárín àgbàlá. Orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́?" ni Fákọ́ládé wí.

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"O kò fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí."

"Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ọkọ mi ni gbogbo yín. Ìdí ààrò mi ni mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ògúnsanwó bú sẹ́rìn-ín. "Ìdí ààrò! Kí ló máa wà lórí rẹ̀? Ta ló ń wa iṣu tó ò ń sè? Oṣù mẹ́ta tó o fi ṣe opó, àká ta lo jẹ?"

"Àká yín ni, ọkọ mi. Ẹ ṣeun."

"Kó o tún wá máa jẹ ẹ́ lọ, kó o máa fi pákò wa dáná?"

Fákọ́ládé gbé ọwọ́ sókè, Ògúnsanwó sì pa ẹnu mọ́. Bàbá arúgbó náà kọjú sí Ìbídùnní. "Mi ò ní lé ọ," ló wí. "Ìyá ọmọ wa ni ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, iṣu kan kò ní kúrò nínú àká ẹbí bọ́ sínú ìkòkò rẹ, títí di ọjọ́ tí a ó wa iṣu tuntun. Bí ìkòkò rẹ bá tọrọ kó tó dọjọ́ náà, tàbí tí o bá jẹ iṣu wa, ọjọ́ yẹn gan-an lo máa kó ẹrù rẹ lọ bá Ògúnsanwó. Bí o bá sì dé ọjọ́ iṣu tuntun láìtọrọ, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ọkọ sí ọ létí mọ́ nínú ilé yìí. Ìyá Olúrẹ̀mí ni yóò máa ṣọ́ ọ."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó máa tó oṣù mẹ́rin o."

"Mo mọ oṣù kà, Bàbá."

Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún tí èèyàn ń fi ẹnu dánnu sí oúnjẹ. Ogun ti kó iṣu oko lọ sí ibùdó, ọ̀nà etíkun ti dí, iyọ̀ sì ti di ohun tí wọ́n ń fi ìka tọ́ lá. Ohun tó wà lọ́wọ́ Ìbídùnní ni èlùbọ́ tí kò kún ìkòkò kan, ẹ̀wà díẹ̀, àti ata tó so rọ̀ lókè ààrò. Ó jókòó, ó wò ó. Kò sunkún. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ààtàn ilé wà.

Àwọn obìnrin ilé ń ṣe gbọ̀dọ̀ ìkẹyìn, iṣu tí wọ́n ń sá gbẹ fún èlùbọ́, lọ́sẹ̀ náà, nítorí iṣu inú àká ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Iṣu tó ti hù máa ń rọ̀, ọ̀bẹ sì máa ń wọ inú rẹ̀ jù, nítorí náà èèpo tí wọ́n ń dà nù nípọn, ẹran iṣu ṣì wà lára rẹ̀ tó ìbú ìka. Ìbídùnní ṣà á sínú agbọ̀n títí ó fi kún. Ó fọ̀ ọ́ lódò nígbà mẹ́ta, nítorí bí èèpo kò bá mọ́, iyanrìn ni èèyàn yóò máa jẹ. Ó gbé omi kaná títí ọwọ́ fi fẹ́ má lè gbà á mọ́, kò jẹ́ kó hó, ó da èèpo sí i, ó dé e mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ló sá a sórí àpáta. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbẹ. Ó gún un, ó kù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó da ìwọ̀n kan èlùbọ́ gidi mọ́ ìwọ̀n mẹ́ta ti èèpo. Bí ó bá rò ó, ó máa ń dúdú ju àmàlà lọ, ó sì máa ń korò díẹ̀ ní ìdí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń dúró nínú ikùn.

Ẹ̀fọ́ kò wọ́n ọn. Ebòlò, yánrin àti ọ̀dú ń hù ní ẹ̀bá oko láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Ní ti epo, ó ṣa ekuro tí àwọn ẹlòmíràn dà nù lẹ́yìn tí wọ́n fún ẹyìn tán, ó pa á lórí òkúta, ó yan án, ó fi ṣe àdín. Ní ti iyọ̀, ó sun háhá àti ṣùkù àgbàdo di eérú, ó fi omi sẹ́ ẹ, omi tó kán sílẹ̀ ló ń ta sínú ọbẹ̀. Kò dà bí iyọ̀. Títíladé fajú ro ní ọjọ́ kìíní.

"Ìyá mi, ọbẹ̀ yìí ń ta mí lẹ́nu."

"Gbé e mì kíákíá, kó má rí àyè ta ọ́."

Hàjàrá nìkan ló ń yà kí i. Ìyàwó ilé àwọn onímàle tó wà ní òdìkejì odò ni, ó sì ń ná ọjà Lálúpọn. Ó bá a lórí àpáta lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń yí èèpo padà.

"Ìyá Títí, wọ́n ní o ti di adìẹ o. Wọ́n ní ààtàn lò ń tú kiri."

"Adìẹ tó ń tú ààtàn kì í bẹ ẹnikẹ́ni fún àgbàdo."

"Wáláì, ẹnu rẹ yìí ló máa pa ọ́, kì í ṣe ebi." Hàjàrá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bù nínú èlùbọ́ èèpo tí Ìbídùnní ti gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú sílẹ̀. "Áà! Ṣé Ògúnsanwó burú tó èyí ni?"

"Tún tọ́ díẹ̀ wò sí i kó o tó dá a lẹ́jọ́."

"Ta ni kí n dá lẹ́jọ́, Ògúnsanwó ni àbí èlùbọ́?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí Hàjàrá tó lọ, wọ́n ti jọ ṣàdéhùn. Ìbídùnní ń ṣa èso igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú lábẹ́ àwọn igi inú igbó tí kò sẹ́ni tó ni ín, ó mọ irú ṣe, irú rẹ̀ kì í sì í ní iyanrìn. Hàjàrá yóò máa gbé irú náà lọ sọ́jà, yóò máa fi àgbàdo pààrọ̀ rẹ̀ bọ̀.

Nígbà tí oṣù kan kọjá tí èéfín kò tíì kúrò lórí òrùlé Ìbídùnní, Ògúnsanwó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Nígbà tó mọ ohun tó ń jẹ, ó sáré tọ Fákọ́ládé lọ. Wọ́n tún pè é sí àgbàlá.

"Bàbá, ó ti jẹ iṣu wa," ni Ògúnsanwó wí. "Èèpo iṣu, iṣu ni. Inú àká ẹbí ló ti wá. Kó kó ẹrù rẹ̀."

Fákọ́ládé kọjú sí Ìbídùnní. "Kí lo rí sọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n da èèpo náà sí ààtàn, ta ni wọ́n dà á fún?"

"A dà á nù ni!" ni Ògúnsanwó wí.

"Nígbà tí adìẹ Bàbá Ìyàndá ń jẹ ẹ́, ṣé ẹ pe adìẹ náà lẹ́jọ́?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Ògúnsanwó dìde. "Ṣé adìẹ ni ọ́?"

"Bí ẹ ṣe ń pè mí nìyẹn láti oṣù kan, ọkọ mi. Ẹ wá jẹ́ kí n jẹun adìẹ ní àlàáfíà."

Fákọ́ládé kò rẹ́rìn-ín. "Ohun tó dé ààtàn ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín," ló wí. "Kò tọrọ. Ṣùgbọ́n láti òní, kí àwọn obìnrin ilé yìí máa kó èèpo wọn fún ewúrẹ́."

Bí èèpo ṣe dópin nìyẹn. Ìbídùnní dúpẹ́, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

Òjò wá dé ní tòótọ́. Kò sí oòrùn tó lè gbẹ ohunkóhun lórí àpáta, igbá ti tán lábẹ́ igi, odò sì kún débi pé Hàjàrá kò lè kọjá fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ìbídùnní ń lọ àgbàdo tó kù, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń fi omi rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ mímu fún Títíladé, ó ń fi eèrí rẹ̀ po ẹ̀fọ́ fún ara rẹ̀. Ó ń ṣa ìgbín, ó ń ṣa olú. Èyí tí kò bá mọ̀ dájú nínú olú, kò ní fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí ebi pa á tó. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń jẹun. Egungun èjìká rẹ̀ yọ síta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí iṣu tuntun dé nígbà tí ibà mú Títíladé. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà rù, kò sì lè mu ẹ̀kọ mọ́. Ó ń dá a padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìyá Olúrẹ̀mí dé. Ó gbé àwo kan lọ́wọ́. Iyán ni, funfun báláú, ó ń gbé èéfín, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo léfòó lórí rẹ̀. Ògúnsanwó dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé sì ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní ara ọmọ kò yá," ni Ìyá Olúrẹ̀mí wí. Kò wo ojú Ìbídùnní. "A ní ká gbé oúnjẹ wá fún un. Ọmọ wa kúkú ni."

Òórùn iyán náà wọ Ìbídùnní lára bí ẹni tó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Iyán inú àwo náà tó àgbà méjì jẹ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà kò lè jẹ ju òkèlè márùn-ún lọ. Gbogbo ayé ló sì mọ ẹni tó máa ń jẹ àjẹkù ọmọ. Kò sí ìyá tó ń rò ó kó tó ṣe é. Ọwọ́ ń lọ fúnra rẹ̀ ni. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n wá ṣọ́.

Bó bá dá oúnjẹ náà padà, ó fi ebi pa ọmọ rẹ̀ nítorí ìgbéraga. Bó bá gbà á wọlé, wọn yóò ní ó jẹ nínú rẹ̀, kò sì ní ẹlẹ́rìí.

Ó wọlé, ó gbé Títíladé jáde, ó tẹ́ ẹní sí àárín àgbàlá níbi tí gbogbo ojú ti lè rí wọn, ó gbé ọmọ jókòó. Ó bu omi fún un fọwọ́.

"Jẹun, ọmọ mi. Oúnjẹ ilé bàbá rẹ ni."

Lẹ́yìn náà, ó wọ ìdí ààrò, ó gbé àwo tirẹ̀ jáde, eèrí àti ọ̀dú, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kò yára. Títíladé jẹ òkèlè kan, ó jẹ ìkejì. Epo ń ṣàn lọ sí ìgúnpá rẹ̀. Ó jẹ mẹ́fà, ó mí kanlẹ̀. Ó bu òkèlè keje, ó nà án sí ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ gbà."

Ìbídùnní wo ọwọ́ ọmọ náà. Ó di ọwọ́ náà mú jẹ́jẹ́, ó sì darí rẹ̀ padà sí ẹnu Títíladé.

"Mo ń jẹ tèmi lọ́wọ́, ọmọ mi. Ìwọ jẹ tìrẹ."

Nígbà tí ọmọ náà yó, ó ṣì ku ìdajì iyán náà. Ìbídùnní fi omi ṣan ọwọ́ ọmọ, ó da omi náà nù níṣojú wọn, ó bo àwo náà, ó gbé e, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Olúrẹ̀mí.

"Ẹ ṣeun, ìyálé mi. Ọmọ yín yó. Ẹ gba àjẹkù ọmọ yín."

Ìyá Olúrẹ̀mí gbà á. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Àmọ́ mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ," ni Ìbídùnní wí. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀ kí ó lè dé yàrá Fákọ́ládé. "Ìkòkò mi ni mo ṣe àdéhùn lé lórí. Mi ò ṣe é lé ikùn ọmọ Fáwùnmí. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ lónìí pé ọmọ yín ni. Láti oṣù mẹ́ta ó lé, kò sẹ́ni tó rántí. Ó dára, ẹ ti rántí báyìí. Ọmọ kì í jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé. Àwo náà dọ̀la o, ọkọ mi. Ó tún dọ̀túnla."

"Kí ló ní kí n wá máa ṣe?" ni Ògúnsanwó bi àwọn tó yí i ká.

"Ó ní kó o bọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ," ni ohùn Fákọ́ládé wí láti inú yàrá. "Ṣé kò yé ọ ni?"

Ògúnsanwó bọ́ ọ. Lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ iṣu tuntun, àwo náà ń dé, ọmọ náà ń jẹ ẹ́ ní gbangba, ìyá rẹ̀ sì ń dá àjẹkù padà. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwo náà ti kéré, nítorí Ògúnsanwó kò fẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n wa iṣu tuntun, Fákọ́ládé pe gbogbo ilé jọ. Ó bi Ìyá Olúrẹ̀mí pé, "Ó tọrọ?"

"Kò tọrọ, Bàbá. Mo ń ṣí ìkòkò rẹ̀ wò lójoojúmọ́, ó sì ń jẹ́ kí n ṣí i. Kò sí ohun tí mi ò rí níbẹ̀, iṣu wa nìkan ni mi ò rí."

"Nígbà náà, ó ti parí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ọkọ lọ̀ ọ́ mọ́." Ó fi ẹsẹ̀ ti iṣu tuntun mẹ́ta síwájú Ìbídùnní. "Tìrẹ nìyí. Gbà á, kó o jẹun bí èèyàn."

Ìbídùnní kúnlẹ̀. Kò fọwọ́ kan iṣu náà. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí mo bá jẹ mẹ́ta yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ n ó tún máa wo ọwọ́ yín. Ilẹ̀ olókùúta kan wà lẹ́yìn ilé tí kò sẹ́ni tó ń ro ó. Òun ni kí ẹ fún mi, pẹ̀lú orí iṣu tí mo máa gé ṣe ẹ̀bù gbìn bí àkókò bá tó."

Ariwo sọ. Ògúnsanwó pàtẹ́wọ́. "Obìnrin kì í ní oko iṣu nínú ilé yìí!"

"Bóyá kò tíì sí èyí tó béèrè ni, ọkọ mi."

Fákọ́ládé wò ó. Ó wo egungun èjìká rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ tí eérú ti bó. "Òkúta ló pọ̀ níbẹ̀."

"Mo ti rí i, Bàbá."

"Bí kò bá so, má wá sunkún fún mi."

"Bí ó bá so, Bàbá, n ó sè é fún yín. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó ṣí ìkòkò náà."

"Lọ máa ro ó," ni bàbá arúgbó náà wí.

Nígbà tí àwọn yòókù jókòó ti iyán tuntun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìbídùnní ti wà lẹ́yìn ilé, ó ká aṣọ mọ́ra, ó ń ṣa òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n sí ẹ̀bá ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè mọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé.